Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Ń Fá Lọ́dọọdún

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ máa ń bá jà láàárọ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni jà. Yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ń sùn, nínú ilé ẹbí tí bàbá wọn kọ́. Ìyá Aláṣọ là ń pè é, nítorí aṣọ ló ń tà ní Ọjà Balógun. Kò bímọ. Èmi ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́, ó sì tọ́ mi bí ẹni pé inú rẹ̀ ni mo ti jáde.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ilẹ̀kùn yàrá wa á há. Èmi á fi èjìká tì í, òun náà á tì í, kó tó ṣí. Àwọn àgbà ní omi ló mú igi wú. Wọ́n á pe káfíńtà, á gbé ìfági rẹ̀ dé, á fá etí ilẹ̀kùn náà títí tí á fi máa ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwa ọmọdé á máa ṣa èérún igi tó ń já bọ́, inú wa á sì máa dùn.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fetí sílẹ̀. Igi tí omi bá mú wú, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á padà sí bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn tiwa kò padà. Wọ́n fá a lọ́dún kan, wọ́n fá a lọ́dún kejì, nígbà tó yá òkè rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó jẹ́ òkè nìkan ló ń há.

Ilé alámọ̀ ni ilé wa, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú ni. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá Ìyá Aláṣọ kọjú sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín wa àti ilé kejì, páànù ilé méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra. Gbogbo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri wa ló ń dà sí. Omi gbẹ́ ilẹ̀ títí ìpìlẹ̀ fi hàn síta. Lẹ́yìn náà ni ògiri sán láti igun fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, kò sì pẹ́ tó fi di ibi tí ìka mi ń wọ̀. Láàárọ̀, a ó kọ́kọ́ gbọn erùpẹ̀ pupa kúrò lórí ibùsùn.

Ìyá Aláṣọ kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ lẹ́rán. Ó fi ògì lẹ bébà mọ́ ojú ibi tó sán, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri náà ti dúró tàbí ó ṣì ń lọ. Kò pẹ́ tí bébà náà fi ya sí méjì. Ó wò ó títí. N kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò pe bíríkìlà. Kì í ṣe owó ló dí i lọ́wọ́. Ilé ẹbí ni, ẹni tó bá sì dá ilé ẹbí tún ṣe, àwọn tó kù á ní ó fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó lọ bá olórí ẹbí, àbúrò bàbá wọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Ó ní òun á tún ògiri náà kọ́, òun kò sì ní bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Àgbà ní ohun tí òun ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ilé ti tú ẹbí ká ládùúgbò wa, tí ọmọ ìyá kan náà kò kí ara wọn mọ́. Ó ní kí gbogbo ẹbí jókòó, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Nígbà ìtúnu ààwẹ̀, àwọn tó wà nílé jókòó lóòótọ́. Ìyá Aláṣọ gbé bébà tó ya náà síwájú wọn. Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan títí, ó ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, gbogbo wọn sì ń mi orí. Aláǹgbá gidi wà nínú ògiri yàrá wa lásìkò náà, èmi ni mo ń rí ìrù rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ní àwọn ti Kánò àti àwọn ti Jọ́ọ̀sì kò sí níkàlẹ̀, kí Ìyá Aláṣọ ní sùúrù di Iléyá tí wọ́n á wálé. Ní ti ilẹ̀kùn tó tún ti há, wọ́n ní kí wọ́n pe káfíńtà.

Òjò kò dúró de Iléyá. Ó rọ̀ débi pé inú ilé ni a ti ń sá aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀. Ilé alámọ̀ kì í sábà wó nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń jẹ́ kí oòrùn yọ ná, kí ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀.

Oòrùn yọ. Ìyá Aláṣọ rán mi lọ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ní òun fẹ́ kó aṣọ ọjà tí ọ̀rinrin ti mú síta. Nígbà tí mo padà dé, èrò ti kún ọ̀nà tóóró náà. Ilẹ̀kùn ti há mọ́ ọn sínú, irin sì wà lójú fèrèsé. Àwọn ọkùnrin fẹ́ fi èjìká gbá ilẹ̀kùn náà wọlé. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú, kò tilẹ̀ le.

"Ẹ má tì í o. Orí rẹ̀ ni ògiri fara tì."

Gbogbo wọn fọwọ́ sílẹ̀. Ó gbọ́ ẹkún mi, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan fà mí lọ sí ojú títì, ẹnì kan sáré lọ pe bíríkìlà kó gbé pákó wá fi ti ògiri. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí Bàbá Àgbà tó tẹ̀ síbi ilẹ̀kùn.

"Ní sùúrù, ọmọ mi. Wọ́n ti lọ pè é."

"Mo ti ní in tó, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Inú ni ògiri wó sí. Kò dún tó bí mo ṣe rò, bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò gààrí kalẹ̀ ni, lẹ́yìn náà eruku. Nígbà tí bíríkìlà dé, ṣọ́bìrì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ti Kánò dé. Ti Jọ́ọ̀sì dé. Àwọn tí kò ráyè wá nítorí ògiri ráyè wá nítorí òkú. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ògiri náà, kò sì sí ẹni tó bèèrè ẹni tó máa ni ilé. Bàbá Àgbà kò tún pa òwe ògiri yẹn mọ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí. Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo mọ̀ ti lọ, ilé alájà púpọ̀ ló kún ibẹ̀ báyìí, wọ́n sì ní kọnkéré kì í wó bí amọ̀. Bí ó bá sán, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á lẹ táìlì mọ́ ọn, ó tán. A máa ń fá ilẹ̀kùn nígbà tiwa. Àwọn ti òde òní, ojú ògiri ni wọ́n ń fọ̀dà kùn.

Ní òjò tó kọjá yìí, ilẹ̀kùn yàrá mi bẹ̀rẹ̀ sí í há, lókè. Ọmọ ọmọ mi mú káfíńtà wá. Mo ní kí káfíńtà dá ìfági rẹ̀ padà sínú àpò, kó jókòó kó jẹun, kí ọmọ náà lọ pe bíríkìlà wá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù."

Mo gbé àga mi, mo bọ́ síta.