Ìyá Eku àti Àpótí Oníkọ̀rọ̀

Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìyá Eku ti ń tọ́jú eku funfun ní yàrá àyẹ̀wò. Kò sí eku tí kò dá ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn rò pé àwọn ń bú u ni, òun sì gbà á bí oyè.

Iṣẹ́ dókítà tó ni yàrá náà ni láti wọn ọgbọ́n eku. Á sọ eku sínú àpótí oníkọ̀rọ̀, tí ọ̀nà inú rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, á fi búrẹ́dì sí ìpẹ̀kun. Èyí tí kò bá rọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta, á kọ “òmùgọ̀” sí káàdì rẹ̀, á sì pa á lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, dókítà ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá tó ṣeé ṣe kó wà nínú ayé mìíràn lókè lọ́hùn-ún.

“Ìyá, tí wọ́n bá dé, bí eku ni ọgbọ́n tiwa máa rí lójú wọn. Inú àpótí ni wọ́n máa kó wa sí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Eku ò rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ta ni yóò yá ọgbọ́n yẹn wá fún eku?

Nígbà tí Ìyá Eku délé, ó gbóòórùn apakòkòrò tó fi ń fọ àpótí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kó fi omi ṣan àpótí lẹ́yìn apakòkòrò. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣan án. Eku mẹ́jọ ló sì lúgọ sí kọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tí wọn ò mira. Wọn ò gọ̀ rárá. Apakòkòrò ló ń ta wọ́n lójú!

Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán tó fi wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì dókítà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n. Èmi ni mi ò ṣan àpótí dáadáa, ẹ̀yìn ló ń dùn mí.”

“Àná ni mo ti pa wọ́n, Ìyá. Mo fẹ́ tètè ráyè lónìí ni. Ẹ má dààmú ara yín, eku lásán ni.”

Dókítà ò tilẹ̀ bínú. Ìyẹn gan-an ló dun Ìyá Eku jù. Káàdì mẹ́jọ wà lórí tábìlì, “òmùgọ̀” lára gbogbo wọn, dókítà ò sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lára ìkankan.

“Dókítà,” Ìyá Eku ní, “àwọn ará òkè tí ẹ wí lánàá, àwọn náà á ní ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tó ń fọ àpótí, àbí?”