Ẹja Labalábá Inú Pálọ̀ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ń gbé ní ẹ́sítéètì Ijapo ní Àkúrẹ́, òkun wà nínú pálọ̀ wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n àti fọ́tò ìgbéyàwó ló máa ń wà ní pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Tiwa ni àpótí dígí gbọọrọ kan tí omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, àti ẹja kan ṣoṣo.

Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ló gbé e wá láti Èkó nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹja labalábá ló ń pè é. Méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣáájú, nítorí irú wọn kì í fẹ́ jẹun nílé àjèjì. Eléyìí náà kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gba edé tí bàbá mi fi ìka mú sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, ti ń kọrin bí ó bá wọlé.

Iṣẹ́ tèmi ni láti gé edé tútù wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi títí n ó fi jẹ ẹ̀bà alẹ́. Èmi náà ni mo ń bu omi lásán kún àpótí náà tó bá ti fà, nítorí bàbá mi ní iyọ̀ kì í bá omi lọ. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ wáyà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, tó ń kùn ṣáá tọ̀sán-tòru.

Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ẹja náà máa ń bà mí. Funfun ni, ó sì rí pẹlẹbẹ. Ìlà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá tí ẹ kò fi ní rí ẹyin ojú náà dáadáa. Lẹ́bàá ìrù rẹ̀ ni àmì dúdú roboto kan wà, funfun yí i ká, ojú gan-an ni ẹ ó pè é. Ìgbà tó bá kẹ̀yìn sí mi ló máa ń dà bíi pé ó ń wò mí. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn kọjá níwájú rẹ̀.

Lọ́dún kan, Yèyé, ìyá bàbá mi, wá kí wa láti Oǹdó. Ẹ rántí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe tí òjò bá ṣú: aṣọ lórí gbogbo dígí, kí mànàmáná má baà tàn sínú rẹ̀, gbogbo wáyà kúrò lára ògiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí èmi àti Yèyé nìkan wà nílé, ààrá sán tí fèrèsé gbọ̀n.

"Yọ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Òjò yìí ò dáa."

Mo ní, "Yèyé, bàbá ní ká má yọ ti ẹja o."

"Ṣé bàbá rẹ ló bí mi ni?"

Mo yọ ọ́. Yèyé tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bo àpótí náà, nítorí lójú tirẹ̀, dígí ni dígí ń jẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. N kò mọ̀ pé ilé wa lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A jókòó sórí ẹní. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohun kan tó ń kan dígí lábẹ́ aṣọ náà: kó. Kó. Kó. Yèyé wò mí, ó sì gbé ojú kúrò.

Mo rákò lọ, mo ká etí aṣọ náà sókè. Ojú dúdú roboto náà ń wò mí láìṣẹ́jú. Mo ní, "Ó wà láàyè, Yèyé. Ó ń wò mí." Ọkàn mi balẹ̀, mo sì da aṣọ bò ó padà. Kò pẹ́ tí kó-kó náà fi dákẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi dé, òjò ti dá. Òun ló ká aṣọ kúrò. Ẹja náà ti kú, ó kẹ̀yìn sí wa, ẹnu rẹ̀ wà ní igun lókè níbi tó ti ń wá atẹ́gùn. Ìrù rẹ̀ ni mo wò tí mo pè ní ojú. Yèyé ń bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun ní kí n yọ wáyà. Bàbá mi yíjú sí mi. Ó bi mí pé, "Ṣé o wò ó?"

"Mo wò ó, sà. Ó ń wò mí."

Ó wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí náà jáde. Kò tún kọrin mọ́.

Ẹ mọ̀ bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn: ọmọ á ṣẹ̀, wọ́n á nà án, á sunkún, á jẹun, ọ̀rọ̀ á parí. Èmi ni wọn kò nà. Lóde òní, a kì í na ọmọ mọ́, a máa ń bá a sọ̀rọ̀ ni, ó sì dára. Bí àwọn ọmọ mi bá ba nǹkan jẹ́, mo máa ń pariwo débi tí ọkọ mi á fi ní ó tó. Kò yé e ni. Bàbá mi ti fẹ̀yìntì sí Oǹdó báyìí. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nípa ìlera rẹ̀, nípa àwọn ọmọ. Kò bá mi wí nípa ẹja yẹn rí. Mo ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ogójì ọdún. Mo ṣì ń retí ìbáwí náà.