Ẹ́ńjìnì Tí Bàbá Mi Gbọ́wọ́ Lé

Agbéraga ni mí nígbà èwe mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Tíṣà ni mí ní Ìlọrà lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù wa, tí gbogbo tíṣà sì ń wá ohun tí yóò fi hàn pé òun ti dé. Èmi ra mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fàájì ni: pupa, pẹlẹbẹ, ìjókòó méjì péré, aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin lè gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Ọ̀pọ̀lọ́.

Bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n ní Akínmọ̀rìn, díákónì sì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti ọjọ́ tí eré àsápajúdé lọ́rì kan ti pa àbúrò wọn, wọn ò wọ mọ́tò mọ́. Ì báà jẹ́ Fìdítì, ì báà jẹ́ Ìlọrà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Mo gbé Ọ̀pọ̀lọ́ dé ojúde wọn pé kí wọ́n wá súre fún un, bí gbogbo ọmọ tó ra mọ́tò ṣe ń ṣe. Àwọn bàbá mìíràn a gbọ́wọ́ lé òrùlé, ṣùgbọ́n aṣọ ni òrùlé tèmi. Bàbá mi ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnì gan-an.

“Olúwa, má ṣe jẹ́ kí nǹkan yìí sáré ju ibi tí ọmọ mi ti lè dá a dúró lọ.”

Inú bí mi díẹ̀. Ta ló ra mọ́tò tó ń fẹ́ irú àdúrà yẹn? Mo ṣáà ṣe àmín. Nígbà tó yá, wọ́n gbà láti jókòó nínú rẹ̀, mo wà wọ́n dé Fìdítì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Mò ń rí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan.” Láti ọjọ́ náà, mọ́tò mi nìkan ni wọ́n ń wọ̀ láyé.

Ọ̀nà àtijọ́ tó wá sí Ìlọrà nígbà yẹn rí kọ́lọkọ̀lọ. Níbi tí àwọn mọ́tò ńlá bá ti ń tẹ bíréèkì, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, Ọ̀pọ̀lọ́ a kàn rọra yí wọlé. Ó fúyẹ́, bí mo bá ti fọwọ́ kan sítíárìn, ó ti gbọ́. Mo gbádùn rẹ̀ láìsáré rárá. Mo mọ èyí dáadáa, síbẹ̀ mo jẹ́ kí ẹ̀rín èèyàn gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe tíṣà ló fà á. Mọ́tò tirẹ̀ gùn gbọọrọ. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé lórí òkè tó wà lẹ́yìn Jóbẹ̀lẹ̀, á fun fèrè, á kọjá mi, á yọrí síta: “Tíṣà, ṣé kí n fi okùn fà á?” Àwọn èrò rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Háà, ẹ̀rín yẹn! Ó máa ń bá mi délé.

Mo lọ bá mẹkáníìkì kan ní Fìdítì, àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́, pé kí ó bá mi fi ẹ́ńjìnì tó lágbára sí i.

Ó ní, “Tíṣà, kí ni mọ́tò yìí ń rù? Ẹ̀yin àti bàbá yín ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o.”

Mo ní kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó fi òwe sílẹ̀. Ẹ ò rí ẹnu mi! Ó wá ẹ́ńjìnì mọ́tò akẹ́rù kékeré kan, ó fi í síbẹ̀. Èyí tí bàbá mi gbàdúrà lé lórí, ó gbé e sábẹ́ igi ọsàn, ó fi páànù bò ó.

Lóòótọ́, mo kọjá ọ̀rẹ́ mi lórí òkè náà, lẹ́ẹ̀kan péré, inú mi sì dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n imú mọ́tò ti wúwo. Bí a bá dé kọ́nà, tààrà ló ń fẹ́ lọ, bíréèkì rẹ̀ kékeré kò sì ká a mọ́. Mi ò sọ nǹkan kan fún bàbá mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé wọn, a dé kọ́nà kan, mo yí sítíárìn, mọ́tò ò gbọ́. Ó já wọ igbó, ó forí sọ òkìtì yẹ̀pẹ̀.

A ò fara pa, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ́ńjìnì tí mo gbọ́wọ́ lé dà?”

Wọn ò pariwo, ì bá sì sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n forí lé Akínmọ̀rìn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọn ò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹta sí i ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Ìlọrà. Nínú ìdílé wa, bàbá bàbá ọmọ ló ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Kí ó tó sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pe orúkọ kankan. Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi. Èsì wọn dé: “Orúnkún mi ò lè gbé mi dé Ìlọrà mọ́. Mi ò sì ní wọ mọ́tò yẹn.” Ìyàwó mi sunkún. Èmi náà sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́?

Mo sáré lọ sí Fìdítì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú epo dúdú níwájú mẹkáníìkì.

Ó ní, “Ẹ dìde. Mi ò tà á. Mo mọ̀ pé ẹ ó padà wá.” Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi dá ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ padà sínú mọ́tò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo gbé Ọ̀pọ̀lọ́ dé Akínmọ̀rìn. Bàbá mi jókòó sójúde, bùbá iṣẹ́ oko ló wà lọ́rùn wọn. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó bèèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó gbóná, wọ́n yára fa ọwọ́ wọn.

“Òun ni,” ni wọ́n wí. “Dúró kí n wọ agbádá.”

Lórí òkè ẹ̀yìn Jóbẹ̀lẹ̀, fèrè dún lẹ́yìn wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, òun náà ń bọ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ, èrò kún mọ́tò rẹ̀ fọ́fọ́. “Ṣé kí n mú okùn wá?” Ẹ̀rín bú. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ tẹ iná kí n lé e bá, bàbá mi gbọ́wọ́ lé orúnkún mi.

“Jẹ́ kó lọ.”

Mo jẹ́ kó lọ. A fi jíà kejì gun òkè náà, bàbá mi ń wo koríko wọn. Nígbà tí a dé Ìlọrà, ọ̀rẹ́ mi ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà tipẹ́, òun àti gbogbo èèyàn. Omi, oyin àti iyọ̀ wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò tíì lórúkọ, gbogbo wọn sì ń wo ojú ọ̀nà dè wá.