Ìrì Inú Aago Bàbá Mi

Iṣẹ́ ojú irin ni bàbá mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Kútọnu gòkè wá sí Parakou, òun ni í dúró ní ibùdókọ̀ tí í gbé àsíá sókè kí ọkọ̀ tó lè ṣí. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Aago àtijọ́ ni, kì í lo bátìrì. Àràárọ̀ la máa ń yí bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó lè rìn di ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin kò rìn mọ́, tí koríko hù bo ojú ọ̀nà rẹ̀, bàbá mi ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè bí ẹni pé ọkọ̀ kan ń bọ̀.

Nígbà tó yá, ojú bàbá mi di bàìbàì débi pé kò rí ọwọ́ aago mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ladjifarani, ní Parakou, ó bọ́ aago náà, ó sì fi sí mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Banikanni. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ojú irin, ọmọ ìyá ni wọ́n, nítorí ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún àkókò kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Ó ní, “Má jẹ̀ẹ́ kí ó sùn. Aago yìí kò parọ́ fún mi rí.”

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, inú fóònù ni wọ́n ti ń wo àkókò. Èmi a rọra ká apá aṣọ mi sókè, mà á wo ọwọ́ mi, mà á sì dá ẹni tó béèrè lóhùn bí ẹni tó jogún ilé alájà.

Òjò àkọ́rọ̀ ló bà á jẹ́. Mo ń múra ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo aago náà, ó sì dà bíi pé ẹnì kan mí èémí lé dígí rẹ̀ lórí. Mo fi etí ìró mi nù ún. Kò lọ. Mo tún nù ún, mo wá rí i pé inú ni ó wà. Ìrì ti sẹ̀ sínú aago. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtàrí, dígí náà ti mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé ó tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà.

Ọ̀rọ̀ atúnaagoṣe ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n atúnaagoṣe tí mo mọ̀ ní ọjà Arzèkè, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Bí mo bá gbé e dé iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé Ladjifarani kí n tó délé. Ojú sì ń tì mí, torí ìyá ìyá mi ti sọ rí pé owó tí wọ́n bá fi sí ọwọ́ obìnrin ló máa ń pẹ́, aago kọ́. Èmi náà wá ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Mo rì í sínú agolo ìrẹsì gbígbẹ mọ́jú. Mo fi kọ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Mo tilẹ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò nígbà tí mo ń se ẹ̀wà. Lójoojúmọ́ ni dígí náà ń mọ́, tí ọkàn mi ń balẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé omi yẹn kò lọ síbì kankan. Ooru ló ń sọ ọ́ di ohun tí ojú kò rí, bí òtútù bá ti dé, á tún padà wá sára dígí.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí mo bá lọ kí bàbá mi, á ní kí n fún òun ní aago náà, á gbé e sétí.

Ó bi mí nígbà kan pé, “Ó ń rìn dáadáa. Ojú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì mọ́?”

Mo ní ó mọ́. Omi wà lára dígí náà bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó kàn jẹ́ pé kò lè rí i ni. Ojú tì mí débi pé mo dìde lọ pọnmi tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n pọn.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ìgbáradì dé, èyí tí àwọn ọmọ máa ń ṣe kí wọ́n tó lọ jókòó fún ti ìjọba. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ kíláàsì kan. Òfin wa ni pé olùkọ́ kì í mú fóònù wọlé ìdánwò, gbogbo wa la kó ti wa sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ní tèmi, mo ní aago.

Ooru mú gan-an nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run fi ṣú, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ wọlé, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù orí wa kíkankíkan. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé n kò lè gbọ́ agogo ilé-ìwé mọ́, ìyẹn irin táyà àtijọ́ tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò. Mo wo ọwọ́ mi. Dígí náà ti funfun bí omi ògì. Mo lọ sójú fèrèsé, mo yí ọwọ́ mi sọ́tùn-ún sósì, mo rí ohun tín-ín-rín kan nínú ìkùukùu náà. Mo gbà pé ọwọ́ aago ni, mo sì gbà pé àkókò ti pé. Bí mo bá kàn jáde lọ bi olùkọ́ kíláàsì kejì, tí agogo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni èmi tí mo ń fi aago yangàn yóò ṣe lọ bi èèyàn ní àkókò?

Mo ní kí wọ́n gbé bíìkì ìkọ̀wé wọn sílẹ̀.

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó wà nítòsí ògiri gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màdámù, ó dà bíi pé àkókò ò tíì tó.”

Mo ní, “Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo aago?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti gba ìwé rẹ̀, ojú ewé tó kẹ́yìn ṣì ṣófo.

Mo di ìwé náà jọ, mo gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Mo kọjá ní kíláàsì kejì, gbogbo wọn ṣì tẹ orí ba, wọ́n ń kọ̀wé. Mo kọjá ní ìkẹta, bákan náà. Ẹsẹ̀ mi wúwo. Bí mo ṣe gbé ìwé lé orí tábìlì ọ̀gá ni òjò rọlẹ̀. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó wo aago ara ògiri rẹ̀. Ó ku àkókò tó tó fún ọmọ láti dáhùn odindi ìbéèrè kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n dá ìwé padà fún wọn. Ó ní ìwé tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ kì í padà sọ́wọ́ ọmọ, pé kíláàsì mi yóò tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Kò pariwo mọ́ mi. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tí agogo lù, tí àwọn olùkọ́ yòókù ń wọlé wá gba fóònù wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún àwọn ọmọ náà. Mo dúró níwájú wọn, mo ní ilé-ìwé ti pinnu pé kí wọ́n padà wá ní Sátidé. Ilé-ìwé ni mo pè é. Nínú wọn, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé. Wọn ò béèrè ìdí, ọmọbìnrin yẹn náà ò wo ojú mi.

Láti ibẹ̀, mo gun alùpùpù lọ tààrà sí Ladjifarani. Bàbá mi jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ aago náà, mo fi lé e lọ́wọ́.

Mo ní, “Bàbá, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó ti pẹ́. Mo ń parọ́ fún yín ni.”

Ó fi àtàǹpàkò ra ojú dígí náà, bí ẹni tó lè fi ọwọ́ mọ omi tó wà nínú rẹ̀. Mo wá ròyìn ọ̀rọ̀ ìdánwò náà fún un, n kò fi èyí tí mo sọ sí ọmọ náà pamọ́. Mo ń retí kí ó bá mi wí nítorí aago.

Ó ní, “Ọmọ tó sọ pé àkókò ò tíì tó yẹn, kí lo wí fún un nígbà tó o rí i pé òótọ́ ló sọ?”

Mo ní mo kàn sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n padà wá ní Sátidé ni.

Ó ní, “Ọkọ̀ tó bá fi èrò sílẹ̀, èrò la kọ́kọ́ ń bẹ̀. Aago lè dúró.”

Ó dá a padà fún mi. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oúnjẹ ló ní kí n bù fún òun.

Ní Sátidé, kí n tó pín ìwé, mo ní kí gbogbo wọn gbọ́. Mo ní, “Kì í ṣe ilé-ìwé ló pè yín padà, èmi ni. Aago mi kò ríran, mo mọ̀, mo sì fi í ka àkókò fún yín.” Mo wá yíjú sí ọmọbìnrin náà, mo ní òun ló tọ̀nà, pé kí ó dárí jì mí.

Ó ní, “Kò sí nǹkan, Màdámù,” bí a ṣe máa ń kọ́ ọmọ láti dá àgbà lóhùn. Mo mọ̀ pé nǹkan wà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì tẹjú mọ́ tábìlì títí mo fi pín ìwé tán.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé aago lọ sí Arzèkè. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Rọ́bà tó yí ẹ̀yìn náà ká ti gbẹ, ó ti sán, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ìpẹtà ti mú irin kékeré méjì nínú rẹ̀. Ó tú u palẹ̀, ó fi abọ́ dé e títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ, ó fọ̀ ọ́, ó fún un ní epo, ó sì fi rọ́bà tuntun sí i. Àmọ́ omi ti fi àbàwọ́n pupa kan sílẹ̀ lójú funfun rẹ̀. Ó ní bí òun bá nù ún, nọ́ńbà yóò bá a lọ. Mo ní kí ó fi sílẹ̀. Títí dòní, bí òjò bá ti ń ṣú, ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi yóò bi mí pé aago mélòó ló lù, wọn á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èsì ìdánwò ìjọba jáde, mo lọ ra aṣọ ní Arzèkè. Obìnrin tó ń ta aṣọ náà tẹjú mọ́ mi, ó wá kúnlẹ̀ kí mi láàárín ọjà. Ó ní ọmọ òun ti yege, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí báyìí, pé ọmọ náà máa ń sọ̀rọ̀ mi nílé, ó ní mo kọ́ òun dáadáa. Ó dúpẹ́ títí. Ó fẹ́ fún mi ní aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo kọ̀. N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà sọ ti ọjọ́ òjò fún un, n kò sì lè béèrè. Mo ní kí ó dìde, mo san iye tó kọ́kọ́ pè láìnájà, mo sì gbàgbé láti gba aṣọ. Ó gbé e sáré tẹ̀lé mi láàárín àwọn alábàárù, ó ń pe Màdámù, Màdámù.