Àtàǹpàkò Ọ̀gá Mi

Títí di òní, tí mo bá rí ẹni tó ń fi àtàǹpàkò kan nǹkan, inú máa ń bí mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ní Òkè-Àfá ló fà á. Tí mo bá fín ọ̀dà sí bọ́ńpà tán, tó ń dán bíi dígí, á rọra fi àtàǹpàkò kàn án, á ní, "Ó ti gbẹ. Ẹ máa gbé e lọ." Ó mọ̀ pé ojú ọ̀dà náà nìkan ló gbẹ.

Ìyá kan gbé bọ́ńpà tiẹ̀ padà wá láti Àjàó. Okùn tí wọ́n fi dè é nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ ti wọnú ọ̀dà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ọmọbìnrin yìí ni. Ọwọ́ ìgúnyán ló fi ń fín ọ̀dà."

Ojú tì mí, mo ha ọ̀dà náà kúrò, mo tún un fín.

Kò pẹ́, àtàǹpàkò tún dé. "Ó ti gbẹ, Mọ́mì."

Mo wolẹ̀. "Mọ́mì, kò tíì gbẹ dénú. Tẹ́ ẹ bá gbé e lónìí, á tún bàjẹ́."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?" Ọ̀gá jágbe mọ́ mi.

Mo di ẹ̀yìn bọ́ńpà náà mú, níbi tí ọ̀dà ò dé, mi ò sì fi í sílẹ̀.