Elgin Garlow Ló Kú, Kì í Ṣe Ààrá Mẹ́ta

Elgin Garlow kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìgbà kejìlélógójì tó máa kú nìyẹn. Ìgbà mọ́kànlélógójì àkọ́kọ́, inú fíìmù kaobọ̀ì ni. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n fi okùn wọ́ ọ nílẹ̀, wọ́n tì í láti orí àpáta, wọ́n tiẹ̀ fi ọkọ̀ ojú irin pa á lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tí olùdarí bá ti pariwo pé, "Ó tó!", Elgin á dìde, á gbọn eruku sòkòtò ẹ̀, á ní oúnjẹ ọ̀sán dà. Lọ́tẹ̀ yìí kò dìde. Ó ṣì ń ṣe mí bíi pé á dìde.

Ẹ̀yin Íńdíánì ẹlẹgbẹ́ mi ní Ohsweken níbí, ní Kánádà, tẹ́ ẹ ti dàgbà, ẹ ò lè gbàgbé bàbá ẹ̀. Ìdílé onírin ni wọ́n, àwọn tó ń so irin pọ̀ lókè àwọn ilé gíga ní Buffalo àti New York, níbi tí òòyì ti ń kọ́ èèyàn tó bá wo ìsàlẹ̀. Elgin ní tiẹ̀, lakírọ́ọ̀sì ló ń gbá, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi alápò gbé. Ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé igi alápò wọn dé Kalifóníà, àwọn onífíìmù sì rí i bó ṣe ń ṣubú tí kì í fara pa. Ó kọ lẹ́tà sílé pé òun ti ríṣẹ́. Bàbá ka lẹ́tà náà tán, ó kọ háà.

"Ẹ gbà mí o! Gbogbo wa nínú ilé yìí, torí pé a kì í já bọ́ la ṣe ń rí jẹ. Ọmọ tèmi ló wá lóun fẹ́ máa já bọ́ jẹun!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀.

Tí fíìmù Elgin bá dé ilé sinimá ní Brantford, mọ́tò mẹ́jọ la máa ń kún lọ. Ẹ̀rù á máa ba àwọn òyìnbó nítorí Íńdíánì abìjà tó ń bọ̀ lórí ẹṣin, àwa á máa pariwo pé, "Elgin wa rè é!" Lọ́jọ́ tó kú sínú odò, ìyá ẹ̀ dìde láàárín èrò: "Elgin! Kúrò nínú omi yẹn kí òtútù má baà mú ẹ!" Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé gbogbo wa jáde. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Àmọ́ tí orúkọ àwọn òṣèré bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a máa ń wá orúkọ tiwa. Orúkọ ọ̀gá kaobọ̀ì á jáde. Orúkọ aránṣọ á jáde. Orúkọ ẹṣin ọ̀gá pàápàá á jáde! Mo bẹ̀ yín, kí ni ẹṣin yẹn ṣe tí Elgin ò ṣe? Ṣé ẹṣin ni wọ́n tì láti orí àpáta? Níbi pátákó ìpolówó nìkan ni ojú ti máa ń ti àwọn onífíìmù díẹ̀, wọ́n á wá kọ "Olóyè Ààrá Mẹ́ta" sábẹ́ àwòrán ẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un nínú fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Àǹtí Verna, ló lọ gbé òkú ẹ̀ wálé. Ilé-iṣẹ́ fíìmù tó sìn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò rán ẹnì kankan wá, wọ́n kàn ní àwọn máa fi òkúta ibojì ránṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá tó kú, ọjọ́ tá a máa ń se àsè ìdágbére fún òkú, ni ọkọ̀ gbé òkúta náà dé. Ọbẹ̀ àgbàdo wà lórí iná, a ti bu àwo ti Elgin sọ́tọ̀ pé kó jẹun kó tó máa lọ. A tú òkúta sílẹ̀: Olóyè Ààrá Mẹ́ta ni wọ́n fín sí i gàdàgbà, pẹ̀lú ère ọkùnrin kan tí ìyẹ́ orí ẹ̀ gùn dé gìgísẹ̀. Ìyẹ́ mẹ́ta péré ló wà lórí fìlà tiwa! Elgin ò dé irú nǹkan yẹn nílé rí.

Àǹtí Verna wò ó títí. "Ààrá mẹ́ta. Ṣé òkúta ibojì nìyí ni, àbí ìròyìn ojú ọjọ́?"

Awakọ̀ na ìwé sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á."

"Ta ni mo fẹ́ gbà á fún? Ààrá kankan ò kú nílé yìí. Àbúrò mi ló kú. Wọlé wá jẹun jàre, kì í ṣe ẹjọ́ tìẹ."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Àǹtí jókòó tán, ohùn ẹ̀ ti yí padà.

"Ìwọ oníwèé ìròyìn yìí, gbọ́. Orúkọ ìbílẹ̀ tí ìdílé wa, ìdílé Ìjàpá, fún un, àwọn ìyá àgbà ìdílé ti gbà á padà, ọmọ tuntun kan ló máa jẹ́ ẹ. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Elgin Garlow nìkan ló kù fún un. Tí wọ́n bá tún gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí làwọn ọmọ wa máa fi mọ ibi tó wà?"

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí Elgin wálé sinmi lọ́dún 1961, ta ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí pé "Ààrá Mẹ́ta Ti Dé"? Èmi ni. Ìgbìmọ̀ ìlú wa náà sì gbé àwòrán ẹ̀ sórí pátákó lẹ́bàá títì, tòun ti ìyẹ́ gìgísẹ̀ yẹn, kí àwọn àlejò lè dúró ra bàtà awọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìwé ìròyìn yẹn jáde, Elgin pè mí lórí fóònù.

"Ọ̀gá, Ààrá Mẹ́ta ò sí nílé o. Elgin ló ń sọ̀rọ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n lè máa pa Ààrá Mẹ́ta lọ, kò kàn mí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo kú."

Mo ṣèlérí fún un.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mẹ́rin, onírin gidi, ti da òkúta yẹn dojú bolẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lẹ́yìn ilé ìpàdé wa. À ń nu ẹrẹ̀ bàtà wa sí i. Ó wúlò níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Àmọ́ pákó kan ṣoṣo ló wà lórí ibojì Elgin.

Ó yá, ẹ̀yin onífíìmù: ta ló ní kí wọ́n fín òkúta yẹn? Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀. Kó má bẹ̀rù, a máa kọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an. Ẹ fi òkúta mìíràn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ Elgin sínú gbogbo fíìmù mọ́kànlélógójì yẹn, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ẹṣin. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú, ẹ sọ pátákó yẹn kalẹ̀ kí ìkórè tó dé. Tó bá jẹ́ bó ṣe ga ló ń bà yín lẹ́rù, ìlú onírin la wà, ẹ ké sí wa. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi: ẹ wo àkọlé tó wà lókè.

Ìgbà mọ́kànlélógójì ni Elgin fi kú fún yín láìjanpata, pẹ̀lú orúkọ tó bá ṣáà ti wù yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kú fún ara ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kú.