Eku Tó Wà Nínú Apá Màmá Mi

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, màmá mi yọ̀ ṣubú ní Ìdímù. Apá ọ̀tún ni wọ́n fi balẹ̀, ó sì kán. Lọ́jọ́ tí dókítà gé sìmẹ́ńtì funfun tó fi dì í kúrò, ní ọsibítù kan ní Ìgàndó, apá náà ti rù kọjá bó ṣe yẹ. Màmá mi ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ṣé apá mi rèé, àbí apá ọmọdé?"

Wọ́n gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin, wọ́n ní àwọn ò ní fi ṣe nǹkan kan mọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń bá àwọn tí egungun wọn kán na ọwọ́, na ẹsẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n, ó ká apá tirẹ̀. "Màmá, ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí nǹkan tó ń sá lábẹ́ awọ yìí?" Ó ní iṣan ni, mọ́sù ni Òyìnbó ń pè é, pé inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un: musculus, eku kékeré. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló rí apá tó ń ká tó ń nà, tí wọ́n ní ó jọ eku tó ń sá lábẹ́ aṣọ.

Màmá mi yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo wò ó lórí fóònù. "Òótọ́ ni, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ebi ń pa àwọn èèyàn yẹn ṣá. Tèmi ti kú sínú ihò."

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní, "Kò kú, mà. Ẹ fún un níṣẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀wà, á jáde."

Bí wọ́n ṣe ń gbé agolo mílíìkì sókè sódò fi na apá láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, nílé wa ní Ẹ̀gàn. Aládùúgbò wa, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, a máa béèrè lójú fèrèsé pé, "Màmá, ṣé ẹ ti bọ́ eku?" Gbogbo ẹni tó bá yà ni wọ́n ń sọ ìtàn náà fún. Nígbà tó fi máa dé etí lemọ́mù wa, àwọn ará Róòmù ti di ọdẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Màmá mi ló ń gúnyán, ọwọ́ méjèèjì. Mo ní kí n gbà á.

"Lọ jókòó jàre."

Iyán náà ní kókó. A jẹ ẹ́ tán, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.